Níbo Ni Yẹ̀pẹ̀ Náà Gbà Lọ?

Bí òjò ńlá bá rọ̀ tán tí odò Ọ̀ṣun tàbí odò Ògùn sì pọ́n, ilẹ̀ oko ló ń ṣàn kọjá yẹn. Bí ọ̀gbàrá bá họ mìlímítà kan péré kúrò lórí hẹ́kítà kan, yẹ̀pẹ̀ tó lọ tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 13. Ojú kì í tètè rí i. Àgbẹ̀ lè máa ro oko náà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fura pé ilẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Òun ni ìwé yìí wà fún, àti àwọn tó ń gbé létí odò, kí wọ́n lè mọ ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣírò nípa omi àti ẹrẹ̀.

Amẹ́ríkà ni ìpìlẹ̀ ìṣirò náà ti wá. Walter Wischmeier àti Dwight Smith lo àkọsílẹ̀ òjò àti ọ̀gbàrá láti ibi 49, wọ́n sì tẹ ìwé wọn jáde lọ́dún 1965. Nǹkan márùn-ún ni wọ́n ní ó ń pinnu iye ilẹ̀ tó máa lọ: bí òjò ṣe le tó, irú ilẹ̀ tó jẹ́, bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀ ṣe gùn tó àti bó ṣe ga tó, ohun tó bo ilẹ̀, àti ohun tí àgbẹ̀ ṣe láti dín ìṣàn omi kù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, wọ́n á sì fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀. Ibi tó ti ṣe pàtàkì nìyẹn: bí ọ̀kan nínú wọn bá ti kéré gan-an, èsì rẹ̀ kò lè pọ̀, bó ti wù kí òjò le tó. Kò sẹ́ni tó lè dá òjò lẹ́kun, ṣùgbọ́n ìbòrí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ àgbẹ̀.

Ìbàdàn wà nínú ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọgbà ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, láàárín àwọn ọdún 1970, onímọ̀ ilẹ̀ Rattan Lal, ẹni tó gba ẹ̀bùn World Food Prize lọ́dún 2020, pín ilẹ̀ sí abala-abala lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí gíga wọn kò dọ́gba. Wọ́n ń gbe omi àti ẹrẹ̀ ní ìsàlẹ̀ abala kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n. Níbi tó ga, ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ìhòòhò pàdánù ju 100 tọ́ọ̀nù lọ lórí hẹ́kítà kan lọ́dún. Èyí tí wọ́n fi koríko gbígbẹ àti pòròpórò bò kò pàdánù ju díẹ̀ lọ. Ẹ̀kán òjò fúnra rẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ ìbàjẹ́ náà. Tó bá já lu ilẹ̀ lásán, á fọ́ hóró yẹ̀pẹ̀ túútúú, lẹ́bú rẹ̀ á dí ojú ihò ilẹ̀, omi tó yẹ kó wọlẹ̀ á wá di ọ̀gbàrá.

Kì í ṣe gbogbo yẹ̀pẹ̀ tó kúrò lóko ló ń dé odò. Òmíràn dúró nísàlẹ̀ òkè, òmíràn há sínú igbó etí omi. Iyanrìn tètè ń jókòó, amọ̀ sì ń bá omi lọ jìnnà. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ní ìlú Temple, ní ìpínlẹ̀ Texas, fi ṣe ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ SWAT. Á pín ilẹ̀ tó ń da omi sínú odò kan sí wẹ́wẹ́, á sì ṣírò omi àti ẹrẹ̀ tó ń ti ibì kọ̀ọ̀kan bọ̀ lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi èsì rẹ̀ wé omi tí wọ́n bù nínú odò gan-an. Ọjọ́ ìkún omi mélòó kan ló sábà máa ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrẹ̀ ọdún, nítorí náà, omi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan kò lè sọ òtítọ́.

Àṣìṣe ìṣirò burú. Ní Ṣáínà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba omi sínú dáàmù Sanmenxia lórí odò Huang He lọ́dún 1960. Odò náà ń gbé ẹrẹ̀ tó tó bílíọ̀nù 1.6 tọ́ọ̀nù lọ́dún nígbà náà. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ gbà pé igi àti koríko tí wọ́n ń gbìn lókè odò máa tètè dín in kù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Huang Wanli kìlọ̀ ṣáájú, wọn kò gbà á gbọ́. Kò tó ọdún méjì tí ẹrẹ̀ tó ju bílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù fi jókòó sínú dáàmù, tí ìsàlẹ̀ odò sì ga sókè débi tí ìkún omi fi ń halẹ̀ mọ́ àwọn ará òkè odò. Wọ́n ní láti lu ihò àti ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ kí ẹrẹ̀ lè máa rí ibi kọjá.

Dáàmù Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1942, náà ń jẹ irú ìyà yìí, nítorí ẹrẹ̀ ti gba ààyè lọ́wọ́ omi níbẹ̀.

Láti dín ẹrẹ̀ yìí kù, kí àgbẹ̀ kọ ebè dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kó má kọ ọ́ láti òkè wá sísàlẹ̀. Kó má sun pòròpórò lẹ́yìn ìkórè, kó sì fi igbó sílẹ̀ létí odò. Bí òṣìṣẹ́ tó ń wọn odò bá wá bu omi lẹ́yìn òjò, kí àwọn àgbà àdúgbò fi ibi tí omi kún dé láyé àtijọ́ hàn án, kí wọ́n sì sọ ọdún rẹ̀, nítorí àwọn onímọ̀ lè fi yẹ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wò.