Tẹ́ḿpìlì 88 Nínú Ìrìn Kan: Bí Ọ̀nà Mímọ́ Shikoku Ṣe Rí àti Àwọn Tí Ó Gbé E Ró

Shikoku ni ó kéré jù lọ nínú àwọn erékùṣù ńlá mẹ́rin tí ó para pọ̀ di orílẹ̀-èdè Jàpáànù, síbẹ̀ orí rẹ̀ ni ọ̀kan wà nínú àwọn ọ̀nà ìrìn-àjò mímọ́ gígùn tí àwọn ènìyàn ṣì ń fi ẹsẹ̀ rìn di òní olónìí. Ọ̀nà náà yí erékùṣù náà po, ó tó nǹkan bí 1,200 kìlómítà, ó sì so tẹ́ḿpìlì 88 ti ẹ̀sìn Búdà pọ̀, láti Ryōzenji ní ìpínlẹ̀ Tokushima títí dé Ōkuboji ní ìpínlẹ̀ Kagawa. Henro ni wọ́n ń pe ẹni tí ó bá ń rìn ín. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá lè parí rẹ̀ ní nǹkan bí 40 ọjọ́, ẹlòmíràn a lo 60, ẹni tí iṣẹ́ kò sì gbà láyè tó bẹ́ẹ̀ a máa gé e sí wẹ́wẹ́, kí ó rin apá kan lọ́dún yìí, kí ó sì padà wá rin ìyókù bí àyè bá tún yọ.

Kūkai, àlùfáà tí wọ́n bí ní Shikoku ní 774, ni wọ́n so ọ̀nà náà mọ́. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Ṣáínà ní 804, ó dé padà ní 806, ó dá ìjọ Shingon sílẹ̀, ó sì papò dà ní 835 lórí òkè Kōya, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lójú àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ kò kú rárá, inú àṣàrò ni ó ṣì wà níbẹ̀. Kōbō Daishi, orúkọ oyè tí ọba fi dá a lọ́lá ní 921, ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí jù lójú ọ̀nà yìí. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó to àwọn tẹ́ḿpìlì náà, ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn rí i pé díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀nà náà kóra jọ láàárín ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, àti pé ìwé atọ́nà tí àlùfáà Shinnen tẹ̀ jáde ní 1687 ṣe gudugudu méje láti sọ ọ́ di ọ̀nà àwọn mẹ̀kúnnù.

Ikú ni ìmúra henro ń tọ́ka sí, kì í ṣe afẹ́. Aṣọ funfun tí ó ń wọ̀ dúró fún aṣọ ìsìnkú, ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ sì ni wọ́n máa ń rì mọ́ orí sàréè rẹ̀ láyé àtijọ́ bí ó bá kú sójú ọ̀nà. Ní ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó lè kọjá láti àgbègbè kan sí òmíràn láìní ìwé àṣẹ, ìwé náà a sì máa sọ ní kedere pé bí ẹni yìí bá kú, kí wọ́n sin ín ní ìlànà ibi tí ó kú sí, kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu láti ránṣẹ́ sílé. Ọ̀pá kan náà ni wọ́n kà sí Kōbō Daishi fúnra rẹ̀, tí ó ń bá henro rìn. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá dé ilé ìgbàlejò fi ń kọ́kọ́ fọ ẹsẹ̀ ọ̀pá kí ó tó ronú kan tirẹ̀, tí kò sì gbọdọ̀ fi í kanlẹ̀ lórí afárá, nítorí wọ́n ní abẹ́ afárá ni àlùfáà náà sùn ní Ōzu lóru ọjọ́ kan tí kò rí ẹni gbà á sílé.

Ní ti ètò, ìgbà ìrúwé, láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, àti oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá ni ó dára jù, nítorí òjò oṣù kẹfà kì í dá bọ̀rọ̀, oòrùn àti ìjì líle sì ń tẹ̀ lé e. Ohun tí ó ń da ìṣirò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rú jù ni aago. Ní tẹ́ḿpìlì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ̀wé, tí wọ́n sì ń lu òǹtẹ̀ pupa sínú ìwé tí henro gbé dání, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tí ó ń ṣe é a máa tì ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹni tí ó bá sì dé lẹ́yìn náà yóò sùn, yóò padà lọ láàárọ̀. Kò sì sí ìdọ́gba nínú bí àwọn tẹ́ḿpìlì ṣe jìnnà síra wọn: tẹ́ḿpìlì mẹ́wàá àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra, nígbà tí ó lé ní 80 kìlómítà láti ìkẹtàdínlógójì dé ìkejìdínlógójì ní ìmú ilẹ̀ Ashizuri. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń mọ̀ bóyá ẹrù wọn wúwo jù ni òkè Shōsanji, tẹ́ḿpìlì kejìlá, tí ọ̀nà inú igbó rẹ̀ kò ju kìlómítà 13 lọ tí ó sì lè gba ọjọ́ kan gbáko.

Àwọn kan tilẹ̀ ń rin ọ̀nà náà sẹ́yìn, láti 88 bọ̀ sí ìkíní, pàápàá ní ọdún tí oṣù kejì bá ní ọjọ́ 29. Wọ́n ń tọ ipa Emon Saburō, olówó inú ìtàn tí ó lé alágbe kan dànù láìmọ̀ pé Kōbō Daishi ni, tí ọmọ rẹ̀ mẹ́jọ kú, tí ó sì yí erékùṣù náà po ní 20 ìgbà láìbá a pàdé, kí ó tó yí ọ̀nà padà, kí wọ́n tó ko ara wọn.

Bí ó ti wù kí àwọn tẹ́ḿpìlì náà lẹ́wà tó, àwọn ará ìlú tí ọ̀nà gba iwájú ilé wọn kọjá ni ó gbé e ró. Osettai ni wọ́n ń pe ọrẹ tí wọ́n ń fún henro, ó sì sún mọ́ sàárà, nítorí ẹni tí ó ń fúnni náà ń wá ìbùkún tirẹ̀: ó gbà pé Kōbō Daishi ni òun ń fún, àti pé henro yóò bá òun gbé ẹ̀bẹ̀ òun dé ibi tí òun kò ráàyè dé. Ìyá àgbà kan lè ti etí oko na ọsàn méjì sí àlejò, ẹlòmíràn a gbé tíì wá, òmíràn a ní kí ó wá sùn lọ́fẹ̀ẹ́. Kò bójú mu kí henro kọ̀ ọ́, bí àpò ẹ̀yìn rẹ̀ tilẹ̀ kún dẹ́nu. Yóò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, yóò sì fún olóore ní bébà pélébé tí ó kọ orúkọ rẹ̀ sí. Àwọ̀ bébà náà ń sọ iye ìgbà tí ó ti rìn: funfun ni ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti ẹni tí ó ti pé ìgbà 50 jẹ́ aláwọ̀ wúrà, aṣọ ọlọ́nà sì ni ti ẹni tí ó ti pé 100. Nakatsukasa Mohei, tí ó kú ní 1922, rìn ín ní nǹkan bí 280 ìgbà, ó sì ri òkúta atọ́nà tí ó lé ní 200 mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì dúró ní oríta, àwòrán ọwọ́ tí ó nàka síwájú wà lára wọn.

Láti 1953 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fi bọ́ọ̀sì kó èrò yí tẹ́ḿpìlì ká, ọkọ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù ń wọ̀, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ kò sì tó nǹkan mọ́, àfi pé àwọn àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè ń pọ̀ sí i láàárín wọn. Ìjọba Jàpáànù kà á mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà ní 2015, àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó wà ní Shikoku sì ń wá bí UNESCO yóò ṣe fọwọ́ sí i. Ìwé ẹ̀rí lè dáàbò bo ilé àti òkúta, ṣùgbọ́n abúlé Shikoku ń di ti àgbàlagbà nìkan, àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sí ìlú ńlá, ilé ìgbàlejò tí tọkọtaya àgbà kan ń bójú tó a sì máa tì pa nígbà tí agbára wọn bá pin. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń gbèrò ìrìn náà báyìí kò lè gbẹ́kẹ̀ lé ìwé atọ́nà ọdún márùn-ún sẹ́yìn; ó di dandan kí ó pe ilé kọ̀ọ̀kan lórí fóònù ṣáájú, kí ó sì fi ibi tí ibùsùn ṣì wà díwọ̀n ìrìn òòjọ́ rẹ̀.