WỌ́N LÉ WA, ÀWA NÁÀ LÉ WỌN
Ojú wo ni a fi ń wo ẹni tó ré ààlà kọjá?

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé kan láàárín wa tí a kò ní bá àpò náà níbẹ̀. Bí kò bá sí lókè àjà, yóò wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àpò ọ̀rá onílà pupa àti búlúù, èyí tí a fi ń kó ẹrù lọ sí àpéjọ, tí àwọn aboyún fi ń di ẹrù ìkókó lọ sí ilé ìgbẹ̀bí, tí àwọn ọmọ wa sì fi ń kó aṣọ bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́. “Ghana-must-go” ni gbogbo wa ń pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé kí ará Ghana máa lọ. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ti gbọ́njú ní 1983 mọ bí orúkọ náà ṣe dé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yín kò mọ̀.

Nítorí tiwọn ni a ṣe ń kọ èyí, àti nítorí ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará nínú ọkọ̀, ní ọjà, àti (ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́) ní ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn pàápàá lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ní àwọn àjèjì ti pọ̀ jù. Wọ́n ní àwọn ló ń jalè. Wọ́n ní kí ìjọba ti bodè pa, kí oníkálukú máa lọ sí ilẹ̀ baba rẹ̀.

ỌJỌ́ MẸ́RÌNLÁ

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, nígbà ìjọba Alhaji Shehu Shagari, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Alhaji Ali Baba, kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú fi Nàìjíríà sílẹ̀ kí oṣù náà tó parí. Ọ̀sẹ̀ méjì péré. Wọ́n fún àwọn tó mọ iṣẹ́ àkànṣe ní oṣù kan sí i. Àwọn wo ni ọ̀rọ̀ yìí bá? Àwọn bíríkìlà ni, àwọn télọ̀, àwọn oníṣẹ́ bàtà, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀, àti àwọn tíṣà tí wọ́n wọlé wá nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ pọ̀ ju olùkọ́ lọ nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ẹni tó jẹ́ àgbàlagbà láàárín wa lónìí, ará Ghana ló kọ́ ọ ní ìṣirò.

Láti Èkó dé Accra, ènìyàn gbọ́dọ̀ la ilẹ̀ Benin (kì í ṣe Ìbìní ọba, Dàhòmì àtijọ́ ni) àti Tógò kọjá. Ṣùgbọ́n Ghana ti ti bodè rẹ̀ pa láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982. Nígbà tí Tógò àti Benin rí èrò tó ń bọ̀, tí wọ́n sì mọ̀ pé kò níbi tí yóò gbà jáde, àwọn náà ti tiwọn. Báyìí ni ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ṣe há sí Sèmè àti ètíkun Èkó, tọmọdé tàgbà, ẹrù lórí, kò sí iwájú, kò sí ẹ̀yìn. Ìgbà tí oṣù ku ọjọ́ díẹ̀ kó parí ni Ghana tó ṣí ọ̀nà. Wọ́n fojú bù ú pé àwọn ará Ghana tó lọ lé ní mílíọ̀nù kan. Ọ̀gbẹlẹ̀ àti iná ìgbẹ́ ń jà nílé nígbà náà, oúnjẹ kò sì sí. Inú àpò onílà yẹn ni púpọ̀ nínú wọn kó gbogbo ohun ìní wọn sí, orúkọ sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1985, ìjọba ológun Ọ̀gágun Buhari tún lé nǹkan bí 700,000 àjèjì.

ÀWỌN LÓ KỌ́KỌ́ ṢE É FÚN WA

Ẹni tó bá mọ ìyẹn tí kò mọ èyí kò tíì mọ ìtàn náà. Tipẹ́tipẹ́ kí Ghana àti Nàìjíríà tó gba òmìnira ni àwọn ènìyàn wa ti ń gba ibẹ̀ lọ ṣòwò. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ọ̀fà, Ìgbòho, Ṣakí, Èjìgbò àti Ìlọrin kún àwọn ọjà Kumasi, Tamale àti Accra. Wọ́n ń ta aṣọ, wọ́n ń ta ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n ń ta wóróbo, wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ wọn kò mọ Nàìjíríà àfi ní ìtàn. Àwọn oníṣòwò wọ̀nyí, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ọ̀pọ̀ ìlú ní ilẹ̀ Ghana. Ọmọlangidi àti àwo tánganran nìkan kọ́ ni wọ́n kó lọ.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n máa lọ. Ọjọ́ mẹ́rìnlá náà ni, ẹ kíyè sí i. Ta ló ń béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀? Ẹni tí ìyá rẹ̀ bí sí Kumasi, tí òun náà bímọ sí Kumasi, ibo ni yóò ti rí ìwé láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá? Wọ́n ta ọjà ọdún mẹ́wàá ní iye owó ọjọ́ kan. Àwọn tó jẹ wọ́n ní gbèsè kò san. Ilẹ̀ tí wọ́n sì ń padà sí, ogun abẹ́lé ṣì ń jà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ni ó ṣófo, nítorí àwọn tó ń kọrin níbẹ̀ àti àwọn tó ń gbá ilẹ̀ rẹ̀ ti wà nínú ọkọ̀.

Àwọn tó padà wálé ní ọdún yẹn ṣì wà láàárín wa, tàbí àwọn ọmọ wọn. Ẹ bi wọ́n léèrè. Àwọn mìíràn kò lè sọ ọ́ tán láìnu ojú.

Nígbà tí ti 1983 dé, kò tó ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn tiwa, àwọn kan láàárín wa sọ pé ẹ̀san ni. Inú wọn dùn. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú àwọn bíríkìlà tó há sí Sèmè tó bá Busia fọwọ́ sí ìwé.

A ti wo ẹ̀sùn méjèèjì, ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan. Ní Accra wọ́n ní àwọn Yorùbá gba ọjà mọ́ onílé lọ́wọ́, pé àjèjì ló ń hùwà ọ̀daràn. Ní Èkó àwa náà ní wọ́n gba iṣẹ́, pé àwọn ni adigunjalè. Bẹ́ẹ̀, gbèsè àti owó kòkó tí kò dúró sójú kan ló há Ghana lọ́rùn. Owó epo rọ̀bì tó já wálẹ̀ ló sì dé bá tiwa, ọdún ìbò sì ni 1983 pẹ̀lú. Lẹ́yìn tí wọ́n lé àwọn ènìyàn wa, oko kòkó Ghana kò rí lébìrà tó. Àwa náà ńkọ́? Bí lílé ti 1983 bá ti ṣe oògùn àìsàn wa, kí ló dé tí a tún fi lo oògùn kan náà ní 1985?

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ náà ti di ìtàn àtijọ́. Òfin kan tí Ghana ṣe ní 2013 sọ pé kí àjèjì tó bá fẹ́ ṣòwò ọjà títà ní mílíọ̀nù kan dọ́là, kí ó sì gba ogún ọmọ Ghana síṣẹ́. Ní 2019 àti 2020 wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní Accra. Ní oṣù Keje ọdún 2025, àwọn kan tú jáde síta níbẹ̀ pé kí àwa máa lọ. Nígbà tí ìròyìn náà dé, inú bí wa. Ó tọ́ kó bí wa. Àmọ́ ẹnu tó sọ pé ìwà ìkà ni, kò yẹ kó jẹ́ ẹnu kan náà tí yóò máa sọ ọ́ sí ará Tógò tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

ÌLÀ TÍ ÒYÌNBÓ FÀ

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ibi tí ààlà wọn yóò gbà nílẹ̀ wa. Kétu bọ́ sí ọ̀dọ̀ Faransé, Ìmẹ̀kọ tí í ṣe ọmọ Kétu bọ́ sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣábẹ̀ lọ sí ọ̀hún. Ifọ̀nyìn pín sí méjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti fi ìwé ńlá ṣàlàyé bí àwọn ènìyàn ṣe ń sá láti ẹ̀gbẹ́ kan ààlà náà sí èkejì nígbà ìjọba Faransé, nítorí iṣẹ́ àfipáṣe, owó orí àti kíkó tí wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́ sógun. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n sá sí.

Títí di òní, ẹni tó ń gbé Ìdíròkọ́ lè ní àna ní Ìgólò, kó sì ti Ìgólò bọ̀ pẹ̀lú owó sẹ́fà nínú àpò kan, náírà nínú èkejì. Sísọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé “òkè òkun” ni àna rẹ̀ wà yóò pa á lẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìjọba ti àwọn bodè orí ilẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ọ̀rọ̀ pín sí méjì láàárín àwọn ará. Àwọn àgbẹ̀ onírẹsì yọ̀, a kò sì lè bá wọn wí, nítorí ìrẹsì òkèèrè tó ń gba Kútọnu wọlé ti ba ọjà wọn jẹ́ pẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé ẹ̀bá ààlà kò rí ibi yíjú sí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n tún ní kí a má gbé epo mọ́tò lọ sí ilé epo kankan tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ààlà. Ìlú tí kò ṣẹ̀ ń jẹ ìyà onífàyàwọ́. Sèmè kò ṣí títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ìdíròkọ́ di oṣù Kẹrin ọdún 2022.

Ní ti fàyàwọ́ fúnra rẹ̀, a kò ní gbè é. A ti gbọ́ kí ènìyàn dìde jẹ́rìí pé Ọlọ́run fọ́ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù lójú nígbà tí òun ń kó ìrẹsì gba inú igbó kọjá. A kò bá a pàtẹ́wọ́. Àmọ́ ẹni tó ń lọ wo ìyá rẹ̀ ní Kétu kì í ṣe onífàyàwọ́, a kò sì gbọ́dọ̀ fi orúkọ kan náà pè wọ́n.

AKUILA ÀTI PRISKILLA

Ìwé Ìṣe Àwọn Aposteli, orí 18, sọ ohun tí a kì í sábà dúró lé bí a bá ń kà á. Kí ló gbé Akuila àti Priskilla dé Korinti? Wọ́n lé wọn ni. Klaudiu ọba pàṣẹ kí gbogbo Júù jáde ní Romu. Tọkọtaya yìí dé ìlú onílùú, wọ́n ń pa àgọ́ láti jẹun, ilé wọn ni Paulu sì wọ̀ sí. Nígbà tó yá, ní Efesu, àwọn ni wọ́n mú Apollo sọ́dọ̀ tí wọ́n la ọ̀nà Ọlọ́run yé e yékéyéké. Lójú àwọn ará Korinti kan, bóyá àjèjì tó wá gba iṣẹ́ àgọ́ pípa mọ́ wọn lọ́wọ́ ni wọ́n.

NÍLÉ TIWA

Ọ̀rọ̀ ìjọba ga ju wa lọ. Ẹ jẹ́ kí a wo inú ilé. Orúkọ tí a fún àwọn tó ti Tógò àti Benin wá ni Àgànyìn. A fẹ́ràn ẹ̀wà wọn, ata rẹ̀ pàápàá. Ṣùgbọ́n a tún ń fi orúkọ náà bú ọmọ tó bá hùwà òpè. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń kọ́ ọ, kì í ṣe ní ilé ẹ̀kọ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ ló sì burú jù. Ní 2003, wọ́n gba àwọn ọmọdé ilẹ̀ Benin, tí wọ́n ju 100 lọ, lẹ́nu iṣẹ́ òkúta fífọ́ ní agbègbè Abẹ́òkúta, wọ́n sì dá wọn padà sílé. Ọmọ tí kò tíì yẹ kó gbé garawa omi kún ń fọ́ òkúta! Gbogbo wa ló kígbe nígbà náà. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá tí alágbàtà mú wá láti ìkọjá Ìdíròkọ́ wá fọ abọ́ nílé wa, tí owó rẹ̀ ń lọ sápò alágbàtà lóṣooṣù, tí kò mọ ojú ọ̀nà ilé wọn mọ́, báwo ni tirẹ̀ ṣe yàtọ̀? Àjọ NAPTIP, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 2003 yẹn kan náà, wà fún irú ọ̀ràn báyìí. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ wá òbí rẹ̀ rí. Bí ó bá sì jẹ́ àgbàlagbà ló ń bá yín ṣiṣẹ́, ẹ ka owó rẹ̀ lé e lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìwé rẹ̀ pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù yín. Ẹ má sì ṣe fi ìmígíréṣọ̀n dẹ́rù bà á ní ọjọ́ tó bá ní òun fẹ́ lọ sílé.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Ọ̀pọ̀ ará ń rò pé gbogbo ẹni tó ti Benin tàbí Tógò wá ló wọlé lọ́nà àìtọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ìwé pé ọmọ ìlú kan lè wọ èkejì láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Àdéhùn náà ti wà kí lílé 1983 tó dé. Àwọn tó ti lò ju 90 ọjọ́ lọ láìgba ìwé ni ìjọba dì í mú. Mali, Burkina Faso àti Niger ti jáde nínú ẹgbẹ́ náà ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, ṣùgbọ́n Benin, Tógò, Ghana àti àwa ṣì wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Kútọnu tàbí Accra, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gba àlejò láti ibẹ̀: ẹ mú ìwé ìrìnnà dání, ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń pè ní yellow card. Ẹ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kí ẹ gba òǹtẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ààlà, kódà bí ọlọ́kadà bá ní òun mọ ọ̀nà inú igbó tó yá jù. Ọjọ́ tó wà lára òǹtẹ̀ náà ni wọn yóò fi ka 90 ọjọ́ yín. Ẹni tí kò ní in kò lè fi hàn pé àná ni òun dé.