Kúúbù kékeré tó ń jẹ́rìí sí ilé

Ẹni tó ń kọ́lé ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, lábẹ́ òkè Olósùnta, kò lè ráhùn pé òun ò rí òkúta. Àmọ́ òkúta nìkan kọ́ ló ń gbé ilé dúró. Kí kọnkéré tó di ohun tí èèyàn lè fọkàn tán, ó yẹ kí ẹnjiníà dán an wò, kúúbù ló sì fi ń dán an wò: ohun tó rí bíi dáìsì lúdò, tí ojú rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dọ́gba.

Wọ́n á bu lára kọnkéré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò, wọ́n á kì í sínú mọ́ọ̀dù irin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 150. Tó bá gan, wọ́n á rì í sínú omi. Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, wọ́n á gbé e sínú ẹ̀rọ tí yóò tẹ̀ ẹ́ títí tí yóò fi fọ́. Ìṣirò rẹ̀ kò le: 150 lọ́nà 150 jẹ́ 22,500, ìyẹn ni fífẹ̀ ojú kan. Bó bá jẹ́ agbára Newton 450,000 ló fọ́ ọ, ẹ fi 22,500 pín in, ẹ ó rí 20, ìyẹn Newton 20 lórí mìlímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Kúúbù tó kì dáadáa máa ń wọ̀n tó kílò mẹ́jọ. Bó bá fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, afẹ́fẹ́ ti ráyè sínú rẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ kúúbù? Euclid, ará Alexandria ní Íjíbítì, ti fi hàn ní nǹkan bí 2,300 ọdún sẹ́yìn pé irú ohun báyìí, tí ojú àti igun rẹ̀ dọ́gba délẹ̀, kò ju márùn-ún lọ. Ojú wọn jẹ́ 4, 6, 8, 12 àti 20. Olójú mẹ́rin ní ṣóńṣó lórí, ẹ̀rọ ò ní rí ibi tẹ́jú tẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ gùn tó ti kúúbù, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́jọ ti kúúbù. Nínú márààrún, kúúbù nìkan la lè tò jọ láìsí àlàfo.

Ibi tí ìṣirò kúúbù ti ń dun èèyàn jù ni táńkì omi. Táńkì tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga ń gba lítà 1,000. Ẹ sọ ọ́ di mítà méjì-méjì: kì í ṣe 2,000, lítà 8,000 ni, tọ́ọ̀nù mẹ́jọ lórí òpó ilé. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fi ìlọ́po mẹ́rin péré fẹ̀ sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ da dẹ́kìn ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Èmùré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n da kúúbù mẹ́ta sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè èsì rẹ̀ tọ́jọ́ 28 bá pé.