“Histotoxic”: Ọ̀rọ̀ Dókítà Tó Kan Alágàrí

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ àwọn dókítà kan ni a fẹ́ là yé yín, torí ó kan ẹ̀yin tí ń ta gàrí àti láfún ní Bódìjà, ó sì kan gbogbo wa tí ń jẹ ẹ́.

“Histotoxic” ni ọ̀rọ̀ náà. Bákan náà ni Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ará Ròmáníà ń kọ ọ́, torí pé láti inú èdè Gíríìkì ni ó ti wá. “Histos” ni òfì tàbí aṣọ tí a hun. Wọ́n fi ẹran ara wé aṣọ híhun. “Toxic” ni ohun tó ní májèlé. Májèlé tí ń ba ẹran ara jà ni à ń wí.

Sáyánáìdì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Èèyàn á mí, ẹ̀jẹ̀ á gbé atẹ́gùn dé ibi tó yẹ, ṣùgbọ́n ẹran ara kò ní lè lò ó. Bí ẹrù bá ti Èkó dé Dùgbẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ sì sọnù, ṣé oníbàárà á rí nǹkan rà?

Ẹ̀gẹ́ tútù ní ohun tó lè di sáyánáìdì nínú. Bí a bá rin ín, tí a dì í sápò fún ọjọ́ mélòó kan, ohun náà á tú. Bí a bá fún un, púpọ̀ á bá omi lọ. Bí a bá yan án, èyí tó kù á bá ooru lọ. Láfún náà, rírẹ dáadáa àti sísá ló ń gbà á là.

Ní 1968, Dókítà B. O. Osuntokun ti UCH, Ìbàdàn, tẹ ìwádìí jáde lórí àìsàn kan tí ń mú kí ẹsẹ̀ máa ta bí iná, kí ìrìn má dúró, kí ojú máa ṣú. Sáyánáìdì inú oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ni ó fura sí. Àwọn mìíràn ti bá a jiyàn lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ní Mòsáḿbíìkì ní 1981, ọ̀dá dá, ebi kò jẹ́ kí wọ́n dúró ṣe ẹ̀gẹ́ bó ti yẹ. Ó ju ẹgbẹ̀rún èèyàn lọ tí ẹsẹ̀ wọn gan. Àwọn obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù.

Ìlànà Codex, ti FAO àti WHO, ni pé kí sáyánáìdì inú kílò gàrí kan má ju mílígíráàmù 2 lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa, kí ẹ tó ra àpò gàrí, ẹ bi alágàrí: ọjọ́ mélòó ló lò nínú àpò? Ṣé ó fún un gbẹ? Ṣé ó yan dénú? Bó bá ní ọjà ló ń kán òun lójú, ẹ fi í sílẹ̀. Oníbàárà tó jẹ gàrí wa lónìí, a fẹ́ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà wá lọ́la.