Àparò Ọ̀sìn Tó Ń Jà: Ẹ Wo Ilé Kí Ẹ Tó Dá Ẹyẹ Lẹ́bi

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ níjọ́sí, tí òun náà ti fẹ̀yìn tì báyìí, pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ò dáa. “Prof, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Àwọn ẹyẹ tí mo fi owó ìfẹ̀yìntì mi rà ń bó ara wọn lórí. Mẹ́rin ti kú, ọ̀kan ti fọ́jú. Ṣé kì í ṣe pé ẹyẹ burúkú ni wọ́n tà fún mi?”

Mo bi í pé akọ mélòó, abo mélòó, báwo sì ni àgò ṣe tóbi tó. Ó ní 20 ni òun rà, akọ 9, abo 11. Àgò ehoro ìyàwó òun ni òun kó wọn sí: ẹsẹ̀ bàtà 4 ní gígùn, 2 ní fífẹ̀, 2 ní gíga. Mo ní, “Má wulẹ̀ wá ẹni tó tà á lọ. Ilé yẹn ló ń dá ìjà sílẹ̀.”

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ, nítorí ẹ mọ̀ mí. Àparò ni Bíbélì Yorùbá pe ẹyẹ tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì jẹ ní aginjù, ṣùgbọ́n àparò oko tiwa, tí àwọn ọdẹ ń pa, tóbi ju ẹyẹ yẹn lọ dáadáa. Ìbátan ni wọ́n. Èyí tí à ń sìn lónìí, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní kuéèlì, ti Jàpáànù ni, Coturnix japonica. Ọdún 1992 ni ó wọ Nàìjíríà, nípasẹ̀ ilé ìwádìí ìṣègùn ẹran tó wà ní Vom, lẹ́bàá Jos. Àparò ọ̀sìn ni màá máa pè é níbí.

Ìjà ò ṣàjèjì sí irú ẹyẹ yìí. Ní Ṣáínà àti Afghanistan, àwọn kan máa ń sin akọ àparò fún ìdíje ìjà, bí àwọn mìíràn ṣe ń fi àkùkọ jà. Ẹ sì mọ òwe wa: bákan náà ni gbogbo àparò ga, àfi èyí tó bá gorí ebè. Nínú àgò, orí ebè yẹn ni akọ kọ̀ọ̀kan ń lé. Tí wọ́n bá wà lọ́mọdé, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Tó bá di bí ọ̀sẹ̀ 6, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun abo, wàhálà dé. Ìwà wọn ò yí padà o, wọ́n dàgbà ni.

Nítorí náà, ẹ mọ akọ yàtọ̀ sí abo kí ọjọ́ yẹn tó pé. Láti bí ọ̀sẹ̀ 3, àyà akọ á pọ́n rúsúrúsú, àyà abo á sì ní àmì tó-tò-tó dúdú. Tí ìyẹ́ bá funfun, àyà ò ní sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ dúró kó dàgbà, kí ẹ rọra tẹ abẹ́ ìrù rẹ̀: akọ máa ń yọ fóòmù funfun. Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní fònẹ́tíìkì, ẹ tún lè fetí sí i: akọ ló máa ń kọ, ìró kúkúrú méjì, kí ti ìkẹyìn tó gùn.

Akọ 1 sí abo 4 tó. Tí akọ bá pọ̀, wọn á máa bá ara wọn jà, wọn á sì tún máa gun abo títí ìyẹ́ orí àti ẹ̀yìn rẹ̀ á fi re tán. Ẹ ta akọ tó bá ṣẹ́ kù, tàbí kí ẹ sè é; ní ọ̀sẹ̀ 6, ó ti tó jẹ.

Ó ku àyè. Lójú tèmi, ẹsẹ̀ bàtà 1 níbùú lóròó fún ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ló ń mú àlàáfíà wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oníṣòwò ń fún wọn mọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀: àgò ehoro yẹn gba ẹyẹ 8, ó kó 20 sí i.

Gíga rẹ̀ náà lẹ́jọ́. Tí ẹ̀rù bá ba àparò, òkè tààrà ló ń fò sí. Nínú àgò tí kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 1 lọ, kò ráyè fi agbára fò. Nínú ilé tó ga tó ènìyàn, kò ní kan òrùlé. Ẹsẹ̀ bàtà 2 yẹn ló burú jù, ibẹ̀ ló ti ń forí gbá wáyà. Orí á bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á jáde, àwọn yòókù á rí pupa, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá a. A ó wá rò pé ìjà ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ẹ ta àpò sí abẹ́ òrùlé kó lè rọ̀.

Ẹ fún wọn níbi ìsápamọ́ pẹ̀lú: páálí, ìkòkò tó fọ́, imọ̀ ọ̀pẹ. Ẹ má tan iná tó mọ́lẹ̀ kọjá ààlà. Gílóòbù kékeré tó láti fi kún ọ̀sán kí wọ́n lè yé dáadáa. Ẹ má fi oúnjẹ tí èròjà amáradàgbà rẹ̀ kéré bọ́ wọn, torí ìyẹ́ ara wọn ni wọn á máa tu.

Èyí tó dùn mí jù, èmi fúnra mi ni mo ṣe é. Mo yọ abo kan tó fara gbọgbẹ́, mo tọ́jú ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, mo sì dá a padà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti pa á. Ó ti di àjèjì sí wọn. Ẹni tó ń ṣá àwọn yòókù ló yẹ kí n yọ. Tí ẹ bá fẹ́ da tuntun mọ́ ti àtijọ́, ẹ kó gbogbo wọn sí àgò mìíràn lẹ́ẹ̀kan náà, lálẹ́, kí ó má sí onílé, kí ó má sí àlejò.

Tí ẹ bá fẹ́ ọmọ, ẹ ya ìdílé kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí ẹ kọ àmì sára ẹyin, nítorí abo inú àgò kì í sábà sàba; ẹ̀rọ ló ń bá a pa á, ní bí ọjọ́ 17 sí 18. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ìyá gun ara wọn. Ẹ má sì fi akọ oníjà ṣe baba.

Ọ̀rẹ́ mi ti pa akọ 5 jẹ. Ó fi ìdílé kan sínú àgò ehoro lẹ́yìn tó ti rẹ òrùlé rẹ̀ sílẹ̀, ó kan àgò mìíràn fún ìkejì. Abo tó fọ́jú ń dá gbé, oúnjẹ àti omi wà nítòsí ẹnu rẹ̀. Àná ló pè mí pé ó yé ẹyin kan.