Kí Alẹ́ San Wá Ju Òwúrọ̀ Lọ

Àdúrà kan wà tí ó máa ń dùn létí tọmọdé tàgbà nílẹ̀ Yorùbá: kí alẹ́ ẹni san ẹni ju òwúrọ̀ lọ. Ẹni tí ó ń ṣe àmín sí i kì í sábà dúró bèèrè ohun tí alẹ́ náà yóò gbà kí ó tó lè san. Owó nìkan kò lè ṣe é. Bí a bá fetí sí àwọn àgbà níbi tí wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ohun mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ wọn máa ń yí ká: ọmọ, ara, Ọlọ́run àti ìjọba.

Èdè pàápàá ti la ọ̀rọ̀ náà sí méjì. Àgbà yàtọ̀ sí arúgbó. Ipò ni àgbà: ẹni tí a ń fi ọ̀rọ̀ lọ̀, tí ẹnu rẹ̀ ká ilé. Ọ̀rọ̀ ara ni arúgbó: eegun tí ó ti gbó, ojú tí kò ríran dáadáa mọ́. Ènìyàn lè di àgbà láìtíì di arúgbó. Ohun tí ó ń ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ lẹ́rù ni kí wọ́n di arúgbó kí wọ́n má sì jẹ́ àgbà mọ́.

Agboolé ni ó ń dènà èyí láyé àtijọ́. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe yìí gbà pé ọmọ wà nítòsí. Lónìí, ọmọ kan wà ní Èkó, òmíràn wà ní London tàbí ní Houston. Wọ́n ń fi owó ránṣẹ́, wọ́n sì ń pe bàbá lórí tẹlifóònù ní ọjọ́ Àìkú. Owó náà wúlò, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó kò lè rí i pé bàbá kò lo oògùn rẹ̀ lánàá. Ìyá ńkọ́? Òun ni àwọn ọmọ sábà máa ń mú lọ sókè òkun láti bá wọn wẹ ọmọ tuntun, tí bàbá yóò sì ṣẹ́kù sílé ní òun nìkan.

Oògùn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ènìyàn. Ẹni tí ara rẹ̀ bá balẹ̀ yóò ní òun ti san, yóò pa oògùn tì, àrùn rọpárọsẹ̀ yóò sì bá a lójijì. Ní ti ojú tí ohun bí ìkùukùu bo ẹyin rẹ̀, iṣẹ́ abẹ lè là á, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ arúgbó ń fọwọ́ tálẹ̀ kiri nítorí wọ́n gbà pé ogbó ni.

Èyí tí ó tún ṣòro jù ni ti iyè. Ní 1992, àwọn onímọ̀ ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun wà lára aṣáájú wọn, dara pọ̀ mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Indiana ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé ní àdúgbò Ìdíkàn n'Ìbàdàn, wọ́n ń yẹ iyè àwọn tí ó ti tó ọmọ ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wò. Wọ́n sì ṣe bákan náà láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbà Ìbàdàn, bí 1.35 ni àrùn tí ń ra iyè ń mú lọ́dún. Ti Indianapolis jẹ́ 3.24. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn kéré, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kò sì wọ́pọ̀ láàrin wọn tó ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ́hùn-ún.

Ṣùgbọ́n àìpọ̀ kì í ṣe àìsí. "Ó ń ṣarán" ni Yorùbá ń pè é. Bí ó bá jẹ́ bàbá, wọn a rẹ́rìn-ín. Bí ó bá jẹ́ ìyá ni ó jáde lóru tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́, tí ó ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tí ó ti kú pe ọmọ rẹ̀, àwọn kan yóò ní àjẹ́ ni, ó ti ń ká. Àìsàn ni ohun tí wọ́n pè ní ìjẹ́wọ́ yẹn. Obìnrin tí ó tọ́ odindi agboolé dàgbà a wá di ẹni tí wọ́n ń lé kiri.

Ilé ìsìn rántí ohun tí ẹbí ń gbàgbé, pé àgbà ń fẹ́ àyè tirẹ̀. Ìyá Ìjọ àti Bàbá Àdínì kì í ṣe oyè lásán. Bí ẹni tí ó jẹ ẹ́ kò bá wá síbi ìsìn, wọn yóò wá a lọ sílé. Ó kàn ṣeni láàánú pé àwọn mìíràn ń ní kí àgbà fi ààwẹ̀ rọ́pò oògùn ni.

Ìṣèlú náà mọ bí a ti ń lo àgbà nígbà tí ó bá wù ú. Olóyè Adékúnlé Ajásin, olùkọ́ tí a bí ní Ọ̀wọ̀ ní 1908, ti pé ẹni 70 ọdún kí ó tó di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1979. Ó ti di ẹni 85 nígbà tí wọ́n dá NADECO sílẹ̀ ní 1994, òun náà sì ni wọ́n fi ṣe olórí láti kojú ìjọba ológun. Ara ti di arúgbó nígbà náà. Ipò àgbà kò kúrò.

Olùkọ́ tí kò lórúkọ ńlá ńkọ́? Òfin 2004 àti ti 2014 sọ bí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ yóò ṣe máa dá owó ìfẹ̀yìntì jọ, ti 2022 sì jẹ́ kí olùkọ́ lè ṣiṣẹ́ dé ọmọ ọdún 65. Àgbẹ̀ àti ìyá ọlọ́jà kò sí lára àwọn tí ètò ìfẹ̀yìntì yìí jẹ́ dandan fún. Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ní 5,000 náírà lóṣù ní 2011. Nígbà tí ìjọba yí padà ní 2014, ètò náà dáwọ́ dúró. Ẹni tí ó sì ní owó ìfẹ̀yìntì pàápàá, wọ́n ń pè é wá fún àyẹ̀wò lóòrèkóòrè. Olùkọ́ àgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti di dókítà àti adájọ́ yóò mú ọ̀pá rẹ̀, yóò wọ mọ́tò láàárọ̀ kùtù, yóò tò sórí ìlà nínú oòrùn, kí akọ̀wé tí ó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣì wà láàyè. Bí kò bá lè dìde nílé, owó rẹ̀ lè dúró títí ẹnì kan yóò fi rántí láti lọ béèrè.