Ó tó mílíọ̀nù mẹ́rin náírà, síbẹ̀ kì í kúrò lójú kan! Kí ló wà nínú kẹ̀kẹ́ inú ilé táwọn òyìnbó ń kówó lé lórí?

Ká ní ẹnì kan sọ fáwọn bàbá wa nígbà tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ Raleigh ṣe fàájì pé ọjọ́ kan ń bọ̀ téèyàn máa ra kẹ̀kẹ́ lówó gọbọi, tí kẹ̀kẹ́ ọ̀hún ò ní gbé e dé oko, tí ò ní gbé e dé ọjà, tó jẹ́ inú yàrá ni yóò jókòó sí tí yóò máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí tí òógùn yóò fi bò ó, tí yóò sì tún sọ̀ kalẹ̀ síbi tó ti gùn ún, wọn yóò ní orí onítọ̀hún ti dàrú ni. Àmọ́ ọjọ́ náà ti dé o. Ní Amẹ́ríkà, ní ìlú ọba àti ní Jámánì, àìmọye èèyàn ló ní irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún náà ò gbẹ́yìn, àwọn kan sì ti ń bèèrè pé ṣé káwọn náà fowó ra ọ̀kan ni àbí káwọn fi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ iye owó rẹ̀ ná. Nígbà tí iléeṣẹ́ Peloton ti Amẹ́ríkà gbé àwọn kẹ̀kẹ́ tuntun jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, èyí tó ga jù nínú wọn tó nǹkan bíi 2,700 dọ́là. Ní ìparí ọdún yẹn, dọ́là kan wà ní nǹkan bíi 1,450 náírà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ó ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún náírà. Ìyẹn nìkan kọ́. Oṣooṣù ni wọ́n tún ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó rà á, 50 dọ́là ó dín sẹ́ńtì kan. Owó oṣù kan yẹn tó 72,000 náírà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ 70,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí ní ọdún 2024. Ohun tí òṣìṣẹ́ kan fi ń gbọ́ bùkátà ilé rẹ̀ ò tó ohun tẹ́nì kan ń san láti gun kẹ̀kẹ́ tó ti fowó ara rẹ̀ rà!

Kí ló wá wà níbẹ̀ gan-an?

BÓ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Oríṣi méjì ló wà. Èyí àkọ́kọ́ ni odindi kẹ̀kẹ́ tó dúró gbọin lórí irin, tí gíláàsì ńlá bíi ti tẹlifíṣàn wà níwájú rẹ̀. Irú ti Peloton nìyẹn. Oríṣi kejì kéré sí i: èèyàn yóò yọ táyà ẹ̀yìn kúrò lára kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ tó fi ń jáde, yóò sì so ṣéènì rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ kan tó jókòó sílẹ̀. Iléeṣẹ́ Wahoo gbé KICKR tiwọn jáde ní ọdún 2012. Ilẹ̀ Netherlands ni Tacx tó ń ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Neo ti wá, kí Garmin tó ra iléeṣẹ́ náà ní ọdún 2019. Àwọn tó ga jù nínú irú èyí máa ń lé ní 1,000 dọ́là, kò sì kan owó kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀.

Inú ẹ̀rọ yìí ni ọgbọ́n wà. Irin róbótó tó wúwo ló ń yí níbẹ̀, òòfà tó ń lo iná mànàmáná sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá ní òkè ló kàn, òòfà yóò di irin náà mú láìfọwọ́ kàn án, ẹsẹ̀ yóò wúwo bíi ti ẹni tó ń gun òkè Mápó lọ́sàn-án gangan. Bó bá ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, yóò tú u sílẹ̀. Gbogbo bí agbára ẹsẹ̀ ṣe tó ló ń wọ̀n, wáàtì ni wọ́n sì fi ń kà á, bíi ti gílóòbù.

Ọ̀rọ̀ wáàtì yìí ló yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa, nítorí mo mọ ohun tó ti wà lọ́kàn àwọn kan: wọ́n ti ń rò ó pé bí NEPA bá múná lọ, àwọn á kúkú máa fi kẹ̀kẹ́ tanná. Ẹ gbàgbé ẹ̀! Ẹni tára rẹ̀ le, tí kì í ṣe eléré ìdárayá, bó bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa fún wákàtí kan, agbára 100 wáàtì ló máa mú jáde, ìyẹn gílóòbù ńlá ayé àtijọ́ kan ṣoṣo. Ní ọdún 2015, wọ́n gbé Robert Förstemann, ọmọ Jámánì tí itan rẹ̀ nípọn bí ìtì igi, gun kẹ̀kẹ́ tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ ayanbúrẹ́dì tó ń jẹ 700 wáàtì. Ọ̀gbẹ́ni yìí ti gba àmì ẹ̀yẹ nínú Òlíńpíìkì rí o! Búrẹ́dì kan ló rí yan, ó sì bọ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó nà gbalaja, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

ỌMỌ YORÙBÁ WÀ NÍBẸ̀

Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ti irin àti òòfà nìkan ni, kò sẹ́ni tó máa san 50 dọ́là lóṣù. Ohun tí John Foley àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí nìyẹn nígbà tí wọ́n dá Peloton sílẹ̀ ní ọdún 2012. Wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ìdárayá ló ṣòro fún èèyàn, dídá a ṣe ló ṣòro. Wọ́n wá kó àwọn olùkọ́ tó lẹ́nu, tó lẹ́wà, tí ara wọn yá gágá jọ sí New York, wọ́n ń ya fídíò wọn bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú orin, fídíò náà sì ń já sójú gíláàsì nínú yàrá oníbàárà. Olùkọ́ á pe orúkọ ẹni tó ń gùn ún ní ìlú mìíràn, á kí i kú oríire. Orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ń gùn ún á máa tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èyí tó wà níwájú á hàn, èyí tó ń fà sẹ́yìn náà á hàn. Ẹ sì mọ̀ pé ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré.

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ tó lókìkí jù níbẹ̀ ni Tunde Oyeneyin. Orúkọ náà ti sọ fún yín ibi tọ́rọ̀ ti wá. Obìnrin ni o, Texas ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ọmọ Nàìjíríà sì làwọn òbí rẹ̀. Iṣẹ́ kíkun àtíkè sójú èèyàn ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kú, bàbá rẹ̀ kú, ìyá rẹ̀ náà tún kú, gbogbo rẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀. Ẹni tí irú rẹ̀ bá dé bá lè sọ̀rètí nù, àmọ́ ìdí kẹ̀kẹ́ ló ti rí ara rẹ̀ gbé dìde. Ọdún 2019 ló wọ Peloton. Nígbà táwọn ọlọ́pàá pa George Floyd ní Minneapolis ní ọdún 2020, tí inú gbogbo aláwọ̀ dúdú ń ru, Tunde gun kẹ̀kẹ́ kan tó fi bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ ìrora náà lójúkojú, àìmọye èèyàn ló sì bá a gùn ún láti inú ilé wọn. Ìwé tó kọ nípa ayé rẹ̀, Speak, jáde ní ọdún 2022.

Ẹ ti rí i báyìí. Ọ̀rọ̀ ìyànjú ni wọ́n ń tà, kẹ̀kẹ́ kàn jẹ́ agbọ̀n tí wọ́n kó o sí ni.

BÍ ỌJÀ ṢE GBÓNÁ, TÓ TÚN DI YÌNYÍN

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, Peloton gbé ṣíà rẹ̀ sọ́jà ní New York, dọ́là 29 ni wọ́n ta ọ̀kan. Oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà ni wàhálà àkọ́kọ́ dé. Wọ́n ṣe ìpolówó ọjà kan níbi tí ọkọ ti ra kẹ̀kẹ́ yìí fún ìyàwó rẹ̀ lọ́dún Kérésì. Àwọn èèyàn yarí. Wọ́n ní ìyàwó tó ti tín-ín-rín bí igi àpáàdì ni ọkọ ń sọ fún pé kó lọ fọ́n sí i! Owó ṣíà já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Kò pẹ́ tí àrùn kòrónà fi dé ní ọdún 2020. Wọ́n ti jíìmù pa, wọ́n ní kí kálukú jókòó sílé. Ọjà Peloton wá gbóná, èèyàn á sanwó tán, á tún dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó rí kẹ̀kẹ́ gbà. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, ṣíà tó jẹ́ dọ́là 29 ti kọjá dọ́là 160. Orí àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ wú, wọ́n rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa rí títí láé. Wọ́n ní àwọn máa kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá sí Ohio, 400 mílíọ̀nù dọ́là.

Àmọ́ ilẹ̀kùn ṣí, àwọn èèyàn jáde padà. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ti ṣe pamọ́ ò rí ẹni rà á. Àfi bí ẹni pé ayé ń fi wọ́n ṣẹ̀sín, ní oṣù kejìlá ọdún 2021, nínú eré tẹlifíṣàn And Just Like That, baba olówó tí wọ́n ń pè ní Mr Big gun Peloton tán, ọkàn rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, ó kú. Eré lásán ni o, síbẹ̀ ṣíà iléeṣẹ́ náà tún já lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejì ọdún 2022, Foley kúrò nípò ọ̀gá àgbà, wọ́n dá èèyàn 2,800 dúró lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ Ohio sì pin síbẹ̀. Ní ọdún 2024, ìgbà kan wà tí ṣíà kan ò tó dọ́là mẹ́rin mọ́.

Kí ló fà á? Iná ọmọ ọyẹ́ ni wọ́n yá, wọ́n wá rò pé oòrùn ni. Àìmọye nínú àwọn tó sáré rà á nígbà kòrónà, ohun tí wọ́n ń sá fún ni àìríbi lọ, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn kẹ̀kẹ́. Nígbà tí wọ́n ríbi lọ, kẹ̀kẹ́ di ohun tí wọ́n ń sá aṣọ sí.

ÀWỌN TÓ JÈRÈ RẸ̀

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé gbogbo rẹ̀ ni ìtànjẹ o. Ẹ gbọ́ ti Mathew Hayman, ọmọ Australia. Ní oṣù kejì ọdún 2016, ó ṣubú nínú eré ìje kan ní Belgium, egungun apá rẹ̀ kán. Ìdíje Paris-Roubaix, tó jẹ́ ọba ìdíje lójú àwọn oníkẹ̀kẹ́, ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kò lè jáde sójú títì, ló bá wọ gáráàjì rẹ̀ lọ, ó so kẹ̀kẹ́ mọ́ ẹ̀rọ, ó tan Zwift, ìyẹn ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń fi títì àti òkè han èèyàn bíi ti géèmù, ó ń gùn ún. Nígbà tí ọjọ́ ìdíje pé, ọkùnrin ẹni ọdún 37 yìí gun ohun tó lé ní kìlómítà 250, ó sì gbégbá orókè níwájú Tom Boonen tó ti gbà á lẹ́ẹ̀mẹrin!

Ti Jay Vine, ọmọ Australia mìíràn, tún yàtọ̀. Ìdíje tí Zwift fi ń wá ẹ̀bùn ló ti yege ní ọdún 2020, òun ni wọ́n fi gbà á sí ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun. Ọdún 2022 ló borí lọ́jọ́ méjì nínú ìdíje ńlá ilẹ̀ Spain.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn méjèèjì yìí dáadáa. Wọ́n ti fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó rí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ò fún wọn ní ìfẹ́ yẹn, ọ̀nà ló là fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó ń gbé London, tí ilẹ̀ ń ṣú ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lóṣù kejìlá, tí òjò àti òtútù ò jẹ́ kó jáde, tàbí ìyá tí ọmọ kékeré ń sùn nílé tí ò lè fi í sílẹ̀ lọ sí jíìmù. Bí irú wọn bá rà á, tí wọ́n sì ń gùn ún lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, owó náà ò ṣòfò.

BÓ BÁ Ń WÙ YÍN

Ẹni tó bá ń wù, kó kọ́kọ́ fi kẹ̀kẹ́ ìdárayá lásán tí ò ní kọ̀ǹpútà dán ara rẹ̀ wò fún oṣù mẹ́ta. Àjọ ìlera àgbáyé ní ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ló tó fún àgbàlagbà, bí ìdárayá náà ò bá le jù, wọn ò sì sọ pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ orí kẹ̀kẹ́ olówó ńlá. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ náà wà nínú rẹ̀.

Ẹ wo ilé yín pẹ̀lú. Ẹ máa nílò fáànù tó lágbára, nítorí atẹ́gùn ìta ò sí nínú yàrá, òógùn á sì máa dà sórí irin. Ẹ máa nílò íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í já. Ìwọ̀nba orílẹ̀-èdè ni Peloton ti ń tajà, Nàìjíríà ò sì sí nínú wọn, ẹni tó bá kó o wálé ni yóò wá ẹni tó máa tún un ṣe. Iná ńkọ́? Neo ti Tacx lè ṣiṣẹ́ láìsí iná NEPA, agbára ẹsẹ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́ ló ń lò, àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn yòókù ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́, ó pọ̀ lọ́jà ní Amẹ́ríkà, ó sì ti dín owó púpọ̀. Ẹ ṣáà rántí pé láti oṣù kẹjọ ọdún 2024, Peloton ti ń gba 95 dọ́là lọ́wọ́ ẹni tó bá ra èyí táwọn ẹlòmíì ti lò, kí wọ́n tó ṣí i fún un. Ẹ bèèrè ọ̀rọ̀ irin ìjókòó rẹ̀ náà, nítorí ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kẹ̀kẹ́ tó tó mílíọ̀nù méjì ni wọ́n ní káwọn èèyàn dáwọ́ gígùn rẹ̀ dúró títí wọn yóò fi gba irin mìíràn, torí pé ti àkọ́kọ́ ń kán mọ́ èèyàn nídìí. Ẹ má sì jẹ́ káwọn ọmọdé sún mọ́ ọn nígbà tó bá ń yí.

Ohun tó wu olówó ló ń fowó rẹ̀ rà, a ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tó bá ti ń gun kẹ̀kẹ́ tẹ́lẹ̀, tí ò ríbi gùn ún mọ́, kó lọ rà á, kó sì gbádùn ara rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó jẹ́ pé àtìbàdàn títí di àárọ̀ ọ̀la ni ìjókòó rẹ̀, tó rò pé tóun bá ti náwó tó pọ̀, ara òun á kàn dédé yá, kó kọ́kọ́ máa fẹsẹ̀ rìn dé ìparí àdúgbò rẹ̀ láràárọ̀. Bó bá ṣe é fún oṣù mẹ́ta tí ò sú u, kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó.